Ọjọ́ Tí Màámi Dìde ní Ṣọ́ọ̀ṣì

Nílé wa ní Sabon Gari, àdúgbò àwa àlejò ní Kano, màámi ló ń jí gbogbo wa. Bí wọ́n bá ti dìde láti kírun àsùbáà, ọkọ mi á ní, "Màmá ti jí o," àwa náà á sì kó ara wa jọ sí pálọ̀ fún àdúrà òwúrọ̀. Bí a ti ń kọrin lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni màámi ń kírun tiwọn nínú yàrá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe tán á dákẹ́ de ẹnì kejì, lẹ́yìn náà la ó wá kí ara wa. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn látìgbà tí orúnkún wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀, tí mo lọ kó wọn kúrò ní Gwagwarwa wá sọ́dọ̀ ara mi. Àlejò tó bá wá á rò pé nǹkan le nílé wa. Kò le rárá. Ohun kan ṣoṣo tó le nínú bíbá màámi gbé ni ọbẹ̀, nítorí wọn ò tíì gbà pé èmi tí mò ń se oúnjẹ òde fún gbogbo ayé mọ ọbẹ̀ ẹ́ sè.

Inú ìsìláàmù ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi, tó ti dolóògbé, àti màámi wá láti ìlú wa ní Kwara, wọ́n sì fi Kano ṣe ilé. Aṣọ ni màámi ń tà. Ọjà Kantin Kwari ni wọ́n ti ń rà á, wọ́n á wá gbé e kiri láti Gwagwarwa títí dé Yankaba. Kò sí ilé Hausa kan ní gbogbo ibẹ̀ tí wọn ò ti mọ Hajiya mai atamfa, bí wọ́n ti ń pe Àlájà aláǹkárá. Èmi náà lọ sí ilé kéwú, mo kà á títí tí wọ́n fi ṣe ayẹyẹ wòlímọ̀ fún mi. Ilé ọkọ ni mo ti di onígbàgbọ́. Màámi ò bínú. Wọ́n ní, "Ilé ọkọ lo lọ, Ọlọ́run kan náà ló wà níbẹ̀," ọ̀rọ̀ sì tán lójú tiwọn.

Lójú tèmi, kò tán. Mo fẹ́ kí màámi mọ Jésù. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo máa ń sunkún lórí ẹ̀ nínú kíṣìnì, tí n ó sì sọ fún ẹni tó bá wọlé pé àlùbọ́sà ni. Ẹni tó bá ti tọ́ ohun tó dùn wò, tí kò sì rí i fi sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu, á mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n ìwàásù ní Kano kì í ṣe bó ti rí níbòmíràn. A kì í dúró síkorítá pẹ̀lú gbohùngbohùn kí a máa pariwo pé ayé ń lọ sópin. Ẹni tó gbọ́n mọ ibi tí Sabon Gari parí sí, ó sì mọ̀ pé ẹnu òun náà gbọ́dọ̀ parí síbẹ̀. Pípe èèyàn wá jẹun ni ìwàásù tiwa. Ẹ wá bá wa ṣe ìkórè, ẹ wá bá wa kó ọmọ jáde, ẹ wá bá wa dúpẹ́. Tí àlejò bá ti wọlé jókòó, pásítọ̀ á ṣe èyí tó kù. Tí kò bá sì wọ̀ ọ́ létí, ó kéré tán ó ti jẹ ìrẹsì. Ìrẹsì tí mo ti sè nítorí ìhìnrere nílùú yìí, Ọlọ́run nìkan ló mọ iye ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń pe màámi. Mo pè wọ́n sí Kérésì, mo pè wọ́n sí Àjíǹde, mo pè wọ́n sí ọjọ́ àwọn ìyá. Wọ́n á ní orúnkún ń dun àwọn. Orúnkún tó ń gbé wọn lọ sí àsàlátù, ìyẹn ìpàdé àdúrà àwọn ìyá mùsùlùmí, ní gbogbo Sọ́ńdè, òun náà ló ń dùn wọ́n tó bá ti di ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tó yá, mo ṣàìsàn. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni yóò gbà, wọ́n ṣe é, Ọlọ́run bá mi ṣe é, mo sì fẹsẹ̀ ara mi rìn padà wálé. Mo ní mo máa dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́tẹ̀ yìí, màámi ò dárúkọ orúnkún. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ló gbé dìde nílẹ̀ àìsàn, kí n má bá a dúpẹ́? Ta ni yóò gbọ́ ọ tí kò ní bú mi?" Wọ́n gbé léèsì tí wọ́n fi pamọ́ de Iléyá jáde, wọ́n wé gèlè, wọ́n sì ti múra tán kí èmi tí mo fẹ́ dúpẹ́ tó wẹ̀.

Èmi ni mò ń dúpẹ́, èmi náà ni mò ń se oúnjẹ ìdúpẹ́, nítorí mi ò lè fowó mi ra oúnjẹ tí mo mọ̀ pé tèmi dáa jù ú lọ. Lẹ́yìn tí a jó lọ síwájú, tí wọ́n gbàdúrà fún mi, mo yọ́ jáde lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì láti lọ wo ìkòkò mi. Ibẹ̀ ni mo wà, tí mò ń pín ẹran, nígbà tí ajíhìnrere kan tí wọ́n pè láti Jos ń wàásù. Mò ń gbọ́ ohùn ẹ̀ láti inú ẹ̀rọ, mi ò sì fọkàn sí i. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ariwo halelúyà, tí àwọn obìnrin ìjọ ń sáré bọ̀, tí wọ́n sì ń dì mọ́ mi pẹ̀lú ọwọ́ ọlọ́ràá mi báyẹn. "Màmá ti jáde o! Màmá ti gba Jésù!"

Mo ju ṣíbí sílẹ̀. Nígbà tí mo fi wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, màámi wà níwájú pẹpẹ láàárín àwọn tó jáde, ọwọ́ wọn kan wà lókè, ajíhìnrere sì gbé ọwọ́ lé wọn ní gèlè. Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo wà, mo sunkún bí ọmọdé. Inú mi dùn, mi ò ní parọ́. Ẹni tó bá kí mi lọ́jọ́ yẹn, kí n tó dáhùn ni omi á ti bọ́ lójú mi.

Lọ́jọ́ kejì, ní kùtù, màámi dìde, wọ́n kírun àsùbáà.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi ṣe tán. "Màámi, mo ṣe bí ẹ jáde lánàá?"

"Mo jáde. Ṣé wọ́n máa jẹ́ kéèyàn jókòó jẹ́ẹ́ ni?"

"Kí ni wọ́n ní kí ẹ jáde fún?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń béèrè ohun tó yẹ kó mọ̀. "Ọkùnrin yẹn fi Hausa sọ pé kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ràn Jésù dìde. Ànábì Ísà nìyẹn, ta ni kò fẹ́ràn ẹ̀? Mo dìde. Ó wá ní kí àwa tó ń dìde nígbà àkọ́kọ́ máa bọ̀ níwájú. Ọmọge kan tó gbé báàjì sáyà ti dì mí lápá mú, ó ń fà mí lọ. Kí n wá jókòó? Kí wọ́n ní ìyá ọlọ́pẹ́ kórìíra Jésù lójú gbogbo ayé?"

"Àdúrà tí wọ́n ní kí ẹ máa tẹ̀ lé ńkọ́?"

"Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo ní àmín."

Mo rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú. Ohun tí mo ti pè ní ìdáhùn àdúrà, ìwà ọmọlúàbí lásán ni. Màámi ò fẹ́ dójú tì mí lọ́jọ́ ìdúpẹ́ mi ni. Ó dùn mí gan-an, mi ò sì lè bínú sí ẹnikẹ́ni, èyí tó tún burú jù fún irú mi tó fẹ́ràn àtibínú.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà á parí sáàárín èmi pẹ̀lú wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin mi, tí mo bí sí Kano, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa àmọ́ tí kì í fi fèsì, ló gbé fóònù ẹ̀ wá bá mi. Kaka ló ń pe ìyá mi, bí àwọn ọmọ Hausa ti ń pe ìyá àgbà.

"Mummy, see Kaka. E don dey everywhere."

Àwòrán màámi ni, ọwọ́ lókè, ojú dídì. Lábẹ́ ẹ̀, ẹnì kan kọ ọ́ pé Àlájà kan ti fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀, ó ti wá sọ́dọ̀ Jésù, kí gbogbo wa bá wọn yin Ọlọ́run.

"Ta ló kọ èyí?"

"I no know. Them just dey forward am."

Bó bá ṣe Èkó tàbí Ìbàdàn ni, ẹ̀rín la ó fi rín. Níbí, ọ̀rọ̀ pé ẹnì kan fi ìsìláàmù sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Bó bá wà láàárín àwa Yorùbá, a mọ bí a ó ti bá ara wa sọ ọ́. Bó bá kọjá sí Fagge, àdúgbò àwọn Hausa, àwọn tí kò mọ̀ wá rí ni yóò máa sọ ọ́ fún ara wọn. Mo ní kí ọmọ náà pa á rẹ́ lórí fóònù ẹ̀. Ó wò mí, ó ṣàánú mi, ó sì pa á rẹ́, bí ẹni pé ìyẹn lè ṣe nǹkan kan.

Ní gbogbo Sọ́ńdè, adaidaita, ìyẹn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ló máa ń wá gbé màámi lọ sí àsàlátù. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn ló ń rán an wá nítorí orúnkún. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé ìdúpẹ́, màámi wọ aṣọ funfun wọn, wọ́n lọ jókòó síta. Kẹ̀kẹ́ ò wá. Wọ́n ní bóyá oníkẹ̀kẹ́ ò rí epo rà. Wọ́n pe obìnrin tó ń ṣètò ẹ̀ lórí fóònù, ó dún títí, kò gbé e. Àwa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a fi wọ́n síbẹ̀. Nígbà tí a dé, wọ́n ṣì jókòó síbẹ̀ nínú aṣọ funfun, pọ́ọ̀sì wọn lórí itan.

"Wọ́n ti gbọ́," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká jẹun. Wọ́n ní ebi ò pa àwọn. Nígbà tó ṣe, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan, wọn ò wojú mi. "Bí mo bá kú, ta ló máa wẹ̀ mí?"

Mo mọ ohun tí wọ́n ń bi mí. Bí obìnrin mùsùlùmí bá kú, àwọn obìnrin bíi tiẹ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́, àwọn ló ń dì í ní funfun. Màámi ti wẹ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rẹ́ wọn tó ti lọ, wọ́n sì ti fi ọkàn ara wọn balẹ̀ pé àwọn tó kù ni yóò wẹ àwọn. Àwọn àbúrò mi wà ní Kwara, ó jìnnà. Èmi tí mo wà nítòsí, tí mo jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí, mi ò sí lára àwọn tí wọ́n máa pè sí i mọ́. Ẹ̀rù bà mí fún wọn lọ́jọ́ náà, irú ẹ̀rù tí iṣẹ́ abẹ ò dá bà mí.

Mo gba ọ̀dọ̀ pásítọ̀ lọ. Pásítọ̀ wa kì í ṣe èèyàn burúkú. Nígbà tí mo wà ní ọsibítù, àwọn ló ń gbé ọkọ mi wá wò mí. Mo ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ìjọ pé ìyá mi ò tíì di onígbàgbọ́."

"Há, Sístà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti dìde fún Jésù, èmi ta ni tí n ó fi ní kò dìde?"

"Èmi ni wọ́n dìde fún, sà. Wọn ò dìde fún Jésù."

Pásítọ̀ ní àwọn á ní kí wọ́n yọ àwòrán náà kúrò, àmọ́ bí àwọn bá ní àwọn fẹ́ kéde lórí pẹpẹ, yóò mú ọkàn àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́ rẹ̀wẹ̀sì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, Sístà. Bóyá ọ̀nà tí Ọlọ́run fẹ́ gbà nìyí. Bí àwọn ẹgbẹ́ wọn bá kọ̀ wọ́n, ibo ni màmá máa lọ bí kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí mi nínú. Ohun tó sì mú un bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀ ni pé èmi náà ti rò ó. Mo ti jókòó ti ìkòkò mi, mo ti rò ó pé bí ilẹ̀kùn ọ̀hún bá tì, tiwa ni wọ́n máa yà sí. Nígbà tí mo wá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó rùn sí mi. Mo ní, "Pásítọ̀, Jésù tí mo mọ̀ kì í lé èèyàn wọlé bí ẹni ń lé adìyẹ." Mo dìde, mo kí wọn dáadáa, mo lọ sílé. Èmi kì í fi ìbínú gbàgbé ìkíni.

Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Nígbà tí Sọ́ńdè mìíràn pé, mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kí màámi wọ aṣọ funfun wọn, mo wé ìborùn mi bó ti yẹ, mo sì dá adaidaita dúró.

"Za ka kai mu masallacin Yarbawa?" Mo bi í bóyá yóò gbé wa dé mọ́sáláṣí àwọn Yorùbá.

"Mu je, Hajiya."

Nínú ọgbà mọ́sáláṣí, àwọn obìnrin ti kún orí ẹní, gbogbo wọn nínú funfun. Mo mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn mìíràn ti pọ̀n mí rí. Nígbà tí màámi wọlé, ẹnikẹ́ni ò lé wọn, ẹnikẹ́ni ò sì kí wọn. Obìnrin kan ti jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó sí. Màámi lọ sẹ́yìn pátápátá, wọ́n sì fara balẹ̀ jókòó sórí síméńtì pẹ̀lú orúnkún yẹn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún.

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àdínì, tí í ṣe olórí àwọn obìnrin níbẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ kan ni mo bá wá."

"Sọ ọ́, ọmọ."

Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: àìsàn, ìdúpẹ́, oúnjẹ tí mò ń pín lẹ́yìn ilé, àti ohun tí ajíhìnrere sọ.

Ìyá arúgbó kan láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dá mi dúró. "Àwòrán tí a rí ńkọ́? Àwòrán ló purọ́?"

"Àwòrán ò purọ́, màmá. Wọ́n dìde lóòótọ́, wọ́n gbọ́wọ́ sókè. Wọ́n ní kí ẹni tó fẹ́ràn Jésù dìde. Nínú gbogbo yín, ta ni ì bá jókòó?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín níbì kan, ó tètè fi ìborùn bo ẹnu. Ìyá Àdínì ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹjú mọ́ mi. "Ìwọ ńkọ́? O ò fẹ́ kí ìyá rẹ wá sí ẹ̀sìn rẹ?"

Bí mo bá ti ní mi ò fẹ́, ọ̀rọ̀ ì bá parí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Bóyá ohun tí màámi náà ń bẹ Ọlọ́run pé kí n sọ nìyẹn. Mo wẹ̀yìn, mo rí wọn lórí síméńtì, wọ́n sorí kodò.

"Mo fẹ́ ẹ, mà."

"O ṣì ń fẹ́ ẹ?"

"Ojoojúmọ́ ni mò ń gbàdúrà ẹ̀, mi ò sì ní yé gbà á. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì ṣe é, mà. Mùsùlùmí ni wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì, mùsùlùmí ni wọ́n jáde. Ẹ má fi ohun tí wọn ò ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn tó máa wẹ̀ wọ́n ni wọ́n ń wá."

Mo ń gbọ́ ariwo kẹ̀kẹ́ lójú títì. Ìyá Àdínì fa ìmí sínú, wọ́n yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹni tó fẹ́ nǹkan tó báyìí, tó tún wá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun ò rí i gbà, irọ́ kọ́ ló ń pa." Wọ́n wá gbóhùn sókè. "Ẹ sún fún Àlájà. Ṣé orí síméńtì ló yẹ kí wọ́n jókòó sí ni?"

Obìnrin tó wà níbi tí màámi ń jókòó sí dìde, ó lọ dì wọ́n lápá mú. Mo jáde, mo lọ dúró dè wọ́n nítòsí géètì títí àsàlátù fi tú.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa padà, màámi kọjú sójú títì. Mo rò pé inú ń bí wọn, pé mo ti dójú tì wọ́n pẹ̀lú ohun tí mo ní mo ṣì ń fẹ́. A délé, wọ́n jẹun, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún ní ata pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí sínú yàrá wọn.

"Jókòó. O ní ojoojúmọ́ lò ń gbàdúrà ẹ̀."

"Ẹ má bínú, Màámi."

"Mi ò bínú. Mo ń bi ọ́ ni. O ti pè mí sí Kérésì, o ti pè mí sí ìkórè, o ti fún mi ní ìrẹsì jẹ. O ò tíì jókòó bí o ti jókòó yìí rí kí o sọ fún mi ohun tí Jésù yìí ṣe fún ọ. Pásítọ̀ lo fẹ́ kó wá sọ fún mi. Ṣé pásítọ̀ ni mo bí ni?"

Mo lè gba gbohùngbohùn níwájú ìjọ kí n sì sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi gbà á lọ́wọ́ mi. Ìyá ẹni ló ṣòro, torí gbogbo irọ́ téèyàn pa láti kékeré ni wọ́n mọ̀.

Mo sọ ọ́ bó ti rí. Mo sọ ti ọmọ mi àkọ́kọ́ tó kú nígbà tí kò tíì lè jókòó dáadáa. Màámi wá nígbà yẹn, wọ́n dúró tì mí, nígbà tó yá wọ́n padà sídìí ọjà wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mi ò lè kírun mọ́. Mi ò ní ohun tí mo fẹ́ bá Ọlọ́run sọ. Ọkọ mi ò bá mi jiyàn, ó kàn máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni, tí yóò máa ka Bíbélì sókè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kà á dé ibi tí Jésù ti dé ibojì ọ̀rẹ́ ẹ̀, tó sì sunkún. Mo ní kó tún un kà. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé a lè rí ẹni tó ń sunkún báyẹn nínú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Mo sọ fún màámi pé kò dá ọmọ náà padà fún mi, àmọ́ látọjọ́ náà, mi ò dá wà nínú ọ̀rọ̀ ọmọ náà mọ́.

Màámi sún mọ́ mi. "Mi ò mọ̀ pé bó ṣe rí fún ọ nìyẹn lẹ́yìn tí mo lọ."

"Mi ò sọ fún yín ni, Màámi."

Wọ́n fi ọwọ́ nu ojú. Lákòókò yẹn ni wọ́n pe ìrun àlásárì, ohùn ẹ̀ wọlé láti ojú fèrèsé. Wọ́n nawọ́ sí búútà, kẹ́tù rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá. Mo pọn omi sí i, mo sì bá wọn da omi náà sí ẹsẹ̀, nítorí wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ débẹ̀. Wọ́n di èjìká mi mú kí wọ́n má baà yọ̀.

"Ọ̀rọ̀ yẹn," ni wọ́n wí, "ṣé ó ti tán, àbí ó kù?"

"Ó kù, Màámi."

"Jẹ́ kí n kírun ná. Má lọ síbì kankan."

Mi ò lọ síbì kankan.